Ọ̀pá jíà MX-5 àtijọ́ ń há: ṣé ọ̀pá kúkúrú ni òògùn rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ̀ yìí dénú. Mazda MX-5 ọdún 1991 ni, ẹ́ńjìnnì 1.6, jíà márùn-ún. Ọ̀pá jíà rẹ̀ ń há, àgàgà láti jíà kìíní sí ìkejì. Tí eré bá ti pọ̀, ó máa ń gbọ̀n lọ́wọ́, ìdí ọ̀pá náà sì máa ń gbóná bíi pé èèyàn gbé ìkòkò kalẹ̀ síbẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní jíàbọ́ọ̀sì ti lọ. Òmíràn ní kí n ra ọ̀pá kúkúrú, pé gbogbo rẹ̀ á tán. Ta ni kí n gbọ́ nínú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi dárúkọ àwọn ẹ̀yà tó wà lábẹ́ ọ̀pá náà, kí n má baà ra ohun tí kò bá a mu.

———

Èsì

Ẹ fi owó yín sápò ná. Híhá, gbígbọ̀n àti ooru tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ibì kan náà ni wọ́n sábà ti ń wá lára ọkọ̀ yìí. Rọ́bà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ti ya, ọ́ìlì inú kòtò tí ọ̀pá wọ̀ ti gbẹ, búṣì ike tó wà ní ìdí ọ̀pá sì ti fọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti 1989 sí 1997 ni à ń sọ, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata, tí àwọn ará Japan sì mọ̀ sí Eunos Roadster. Àbúrò pátápátá nínú wọn ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Rọ́bà tó ti jókòó sórí ooru jíàbọ́ọ̀sì látọjọ́ yẹn, tí ọ́ìlì ń ta sí i lára lójoojúmọ́, ó yẹ kó ti là.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tú ohunkóhun, àyẹ̀wò kan wà tí kò gba kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ wọ gbogbo jíà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún un ṣe lórí ìdúró.

Bí jíà bá wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tó wá há nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú tán. Ẹ lọ wo sìlíńdà ìsàlẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíàbọ́ọ̀sì. Àrùn tó wọ́pọ̀ lára MX-5 ni. Ẹ ṣí etí rọ́bà rẹ̀ díẹ̀. Bí omi bíréèkì bá ṣàn jáde, ó ti ń jò nìyẹn. Bí jíà bá há nígbà méjèèjì, ìdí ọ̀pá ni iṣẹ́ wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé òwúrọ̀ nìkan ni jíà kejì ń ṣagídí, tó ń dẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ́ìlì jíàbọ́ọ̀sì ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà synchro jíà kejì, ìyẹn òrùka tó ń mú kí eré àwọn jíà dọ́gba kí jíà tó wọlé. Ọ̀pá kúkúrú kò lè wo ìyẹn sàn. Ó tilẹ̀ máa dá kún un ni.

———

Àwọn ẹ̀yà náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀

Orí ọ̀pá, èyí tí ọwọ́ ń dì mú. Tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ M10 × 1.25, ìyẹn ni pé ó nípọn ní mílímítà 10, eyín rẹ̀ sì jìnnà síra ní mílímítà 1.25. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba ọ̀pá wọn jẹ́. Orí tí wọ́n ṣe fún Honda, M10 × 1.5 ni. Á wọlé ní ìyípo kan tàbí méjì, á wá há, ẹni tí kò mọ̀ á sì fi agbára yí i. Nígbà tó bá fi máa tú u, irin ọ̀pá ti jẹ. Ti ọ̀pọ̀ Toyota àti Subaru jẹ́ M12 × 1.25, ìyẹn á kàn máa ṣe gbàgẹrẹ lórí ọ̀pá ni. Ti Nissan bá ti Mazda mu. Ẹ ra nọ́ọ̀tì M10 × 1.25 kan ṣoṣo lọ́wọ́ oníbóòtì, ẹ fi ìka lásán yí i sórí ọ̀pá. Bí ó bá lọ dé ìdí tẹ́ẹ̀dì láìlo sípánà, ọ̀pá yín ṣì pé. Nọ́ọ̀tì yẹn kan náà ni ẹ ó fi mọ orí tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín: bóòtì tó bá bá nọ́ọ̀tì náà mu gbọ́dọ̀ wọ inú orí ọ̀hún wẹ́rẹ́.

Awọ tó ń bo ọ̀pá lójú. Ẹwà lásán ni tirẹ̀. Mo ń mẹ́nu bà á nítorí pé bí ẹ bá kàn sọ fún ọlọ́jà pé rọ́bà jíà lẹ fẹ́, awọ yìí ni àwọn kan máa fi ránṣẹ́.

Rọ́bà ńlá. Bóòtì mẹ́rin ló dè é mọ́ ara ọkọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 ló ń tú u. Òun ló ń dí ooru, eruku àti ariwo lọ́nà kó má baà wọ inú ọkọ̀. Ìdí tí ibẹ̀ fi ń gbóná yẹn, òun ló ti ya.

Rọ́bà kékeré. Bóòtì mẹ́ta, sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 náà ni. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ kan, irin yẹn ló sì de gbogbo ọ̀pá mọ́ jíàbọ́ọ̀sì. Ó jọ rọ́bà ńlá bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀ pátápátá: kékeré ló ń ká ọ́ìlì mọ́ kòtò. Ẹni tó bá pààrọ̀ ńlá nìkan, ooru á dín kù fún un, ṣùgbọ́n híhá ọ̀pá kò ní lọ ibì kankan.

Lábẹ́ irin yẹn ni ẹ ó ti rí wáṣà tó ń ga tó ń lọlẹ̀ bí ìgbì omi, tó ń tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀ bíi sípíríǹgì. Búṣì ike tó jókòó sí ọ̀gangan bọ́ọ̀lù ọ̀pá ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ní ìdí ọ̀pá pátápátá ni búṣì ìsàlẹ̀ wà, ó rí gẹ́lẹ́ bí ìbọ̀ tí télọ̀ ń fi sórí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un. Ẹ̀yà tó kéré jù nìyẹn, tó sì ń dáni lágara jù. Bí ó bá ti gbó, àwọ̀ rẹ̀ á ti di ti tábà, á ti là láti ẹnu dé ìdí. Ẹ fi èékánná kàn án, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin. Irin ọ̀pá á wá máa lu irin jíàbọ́ọ̀sì láìsí ohunkóhun láàárín wọn, gbígbọ̀n tó ń dé ọwọ́ yín nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo lórí ìrajà: gbogbo ohun tí mo kà yìí, ti jíà márùn-ún ni. Jíà mẹ́fà kò bá ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti 1989 sí 1997 jáde ní ilé-iṣẹ́, ìran tó tẹ̀ lé e ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ kò sì bá ti márùn-ún mu. Bí ọkọ̀ yín bá ti gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, ẹ má wo àwòrán tó wà lórí ọ̀pá, torí a lè pààrọ̀ orí ọ̀pá nígbàkúgbà. Ẹ wọ jíà, kí ẹ fọwọ́ kà á.

———

Ẹnì kan béèrè: "Ṣé tí mo bá ti pààrọ̀ ọ́ìlì jíàbọ́ọ̀sì, kòtò ọ̀pá kò ní rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀?"

Rárá. Àṣìṣe yìí ti pọ̀ jù. Kòtò tí ọ̀pá wọ̀ lára jíà márùn-ún yìí ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Jíàbọ́ọ̀sì ń gba lítà 2.0. Kòtò ń gba mílílítà 80 sí 95, kò ju ife kékeré kan lọ, ọ́ìlì jíà 75W-90 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) sì ni àwọn méjèèjì ń lò. Èèyàn lè máa pààrọ̀ ti jíàbọ́ọ̀sì lọ́dọọdún, kí ti kòtò ti gbẹ táútáú láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Àríyànjiyàn GL-4 àti GL-5, ìyẹn ìpele méjì tí wọ́n ń kọ sára ike ọ́ìlì jíà, náà ń kọ́? Ìwé Mazda gba méjèèjì láyè. Àwọn tó ń sọ pé GL-5 á jẹ gbogbo idẹ inú jíàbọ́ọ̀sì tán láàárín oṣù mélòó kan ti àsọdùn bọ̀ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ GL-5 òde òní kì í jẹ idẹ mọ́. Síbẹ̀ GL-4 ni mo fara mọ́ fún jíàbọ́ọ̀sì, ìdí rẹ̀ kò sì le: synchro nílò kí nǹkan díẹ̀ di ara wọn mú kó tó lè dá jíà dúró, GL-5 sì máa ń yọ̀ jù fún un. Nínú kòtò, kò sí synchro níbẹ̀. Èyíkéyìí nínú méjèèjì á ṣe é.

Àwọn kan máa ń fi gírísì kún kòtò dípò ọ́ìlì, torí pé gírísì kì í jò. Lóòótọ́, kì í jò. Ṣùgbọ́n ọ̀pá á sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní padà wá sábẹ́ búṣì mọ́. Ní àárọ̀ òtútù, ẹ ó rò pé inú oyin lẹ ti ń wa ọ̀pá.

———

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Kò yẹ kó ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 àti ọ̀pá tó ń fà á gùn, sukurudíráfà olórí àgbélébùú, sírínjì ńlá pẹ̀lú ọ̀nà rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, tọ́ọ̀ṣì, àkísà tó pọ̀.

Ẹ dá ọkọ̀ dúró sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ jẹ́ kí jíàbọ́ọ̀sì tutù. Ẹ fi ọ̀pá sí àárín, kó má wà nínú jíà kankan. Ẹ tú orí ọ̀pá, ẹ yọ àpótí ike tó wà láàárín àga méjèèjì. Súkúrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì níwájú níbi ẹsẹ̀, òmíràn wà nínú àpótí kékeré tó wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń gbé e sókè, ẹ má já a gbà: wáyà bọ́tìnnì fèrèsé wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú ìyẹn.

Rọ́bà ńlá á fara hàn. Ẹ tú bóòtì mẹ́rin, ẹ fà á gba orí ọ̀pá jáde. Ẹ wá dúró díẹ̀. Ẹ nu gbogbo àyíká rọ́bà kékeré kí ẹ tó tú u, torí iyanrìn tó bá bọ́ sínú kòtò, inú búṣì tuntun ló ń lọ. Ẹ ya fọ́tò bí ọ̀pá ṣe dorí kọ, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí iwájú rẹ̀. Ẹ tú bóòtì mẹ́ta yẹn, ẹ fa ọ̀pá sókè tààrà.

Ẹ ka ohun tó jáde. Bí búṣì ìsàlẹ̀ kò bá sí lẹ́nu ọ̀pá, ó wà nínú kòtò, ó sì lè ti fọ́ sí mẹ́ta mẹ́rin. Ike ni, mágínẹ́ẹ̀tì kò lè gbé e. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ ṣà á, títí àwọn ẹ̀já rẹ̀ á fi pé bíi búṣì odindi kan lórí àkísà. Ẹ fi sírínjì fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde. Ó sábà máa ń dúdú bí omi aró, tí ó bá tiẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ fi àkísà tí kì í tú òwú nu inú kòtò. Ẹ má da pẹtiróòlù sí i.

Ọ́ìlì tuntun kọ́kọ́ wọlé: ẹ fi sírínjì wọn mílílítà 80, ẹ dà á sínú kòtò. Ẹni tó bá ń fojú díwọ̀n máa ń kún un jù, ọ̀pá á sì tì í jáde sórí jíàbọ́ọ̀sì bó bá ti wọlé. Ẹ fi búṣì ìsàlẹ̀ tuntun bọ ìdí ọ̀pá, ẹ fi ọ́ìlì pa á lára. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ sí ọrùn rọ́bà kékeré tuntun kó lè yọ̀ wọlé, kí ẹ rí i pé ètè rẹ̀ jókòó dáadáa yí ọ̀pá ká. Bí ó bá lọ́, á tún ya kí ọdún tó yí po. Ẹ má gbàgbé wáṣà onígbì. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ á máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lójú ọ̀nà gbágungbàgun, á sì tún máa wá ìdí rẹ̀ kiri.

Bóòtì mẹ́ta yẹn ń wọ inú alumíníọ̀mù. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ wọn, ẹ fún wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí irin pẹlẹbẹ lè tẹ̀ bákan náà, 10 Nm ti tó wọn. Kí ẹ tó dá àpótí padà, ẹ wọ gbogbo jíà, jíà ẹ̀yìn náà.

———

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá kúkúrú wàyí, torí ibẹ̀ ni ariwo wà

Èrò àwọn ọ̀dọ́ ni pé bí ọ̀pá bá ti kúrú, jíà á máa wọlé bí ìbọn. Èrò àwọn àgbà ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tí Mazda ṣe. N kò gba ìkankan nínú méjèèjì ní odindi.

Ọ̀pá jíà kò yàtọ̀ sí igi tí a fi ń gbé òkúta. Bọ́ọ̀lù ni ibi tó ti ń yí. Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà tó rọrùn ṣe é, kì í ṣe ìwọ̀n ọ̀pá Mazda gan-an: ká ní òkè bọ́ọ̀lù jẹ́ mílímítà 200, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 50. Bí ìdí ọ̀pá bá ní láti rin mílímítà 10 kí jíà tó wọlé, ọwọ́ yín á rin 40. Ọ̀pá kúkúrú tí wọ́n ń tà máa ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ á di 60, òkè á di 190. Ọwọ́ á wá máa rin bíi 32. Ó kúrú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbára tí ọwọ́ ń lò á fi bí ìdámẹ́rin lé, gbogbo agbára yẹn sì ń bá synchro jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀pá kúkúrú á dá kún ìṣòro ẹni tí synchro rẹ̀ ti ń rẹ̀. Bí ẹ bá sì so ó mọ́ kòtò gbígbẹ, inú agbọ̀n lẹ ń da omi sí.

Ọ̀nà kejì ni kí a gé òkè ọ̀pá. Bí a bá gé mílímítà 25 kúrò nínú 200 yẹn, ọwọ́ á rin 35 dípò 40, agbára kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Orí ọ̀pá á lọlẹ̀, á sún mọ́ ọwọ́ ìdarí. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ń wà ní ìgboro, èyí ni mo yàn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ìsàlẹ̀ ọ̀pá sì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é.

Ẹ má gé kí ẹ tó ṣe tẹ́ẹ̀dì o. Ẹ yọ ọ̀pá kúrò nínú ọkọ̀, ẹ fi igi méjì gbá a mú nínú fáìsì, kí fáìsì má kan bọ́ọ̀lù. Tẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi darí irin tó ń gé tẹ́ẹ̀dì M10 × 1.25, kí ó bá a lọ sísàlẹ̀ tààrà. Bí ara ọ̀pá lábẹ́ tẹ́ẹ̀dì bá nípọn ju mílímítà 10 lọ, ọ̀dọ̀ oníléètì ló ń lọ kó kọ́kọ́ fá a, ẹ má fi fáìlì ṣe é. Ẹ máa fi ọ́ìlì sí i, ẹ yí ìdajì síwájú, ìdámẹ́rin sẹ́yìn. Ìgbà tí tẹ́ẹ̀dì bá ti dé ibi tí ẹ fẹ́ ni ẹ ó wá fi ayùn irin gé òkè. Ẹni tó gé e ṣáájú kì í sábà rí tẹ́ẹ̀dì tó dúró ṣánṣán. Ẹ má kọjá mílímítà 25, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ yín á máa gbá àpótí ní jíà kejì àti ìkẹrin.

Ti àwọn tó ń gé ọ̀pá láàárín tí wọ́n sì ń jó o pọ̀: n kò fẹ́ ẹ. Bí ojú ìjópọ̀ bá já lójú títì márosẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi wọ jíà?

———

Lórí búṣì idẹ tí ẹnì kan dábàá dípò ti ike: ó ń pẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ike ló ń gba gbígbọ̀n jíàbọ́ọ̀sì mọ́ra, idẹ á gbé gbogbo rẹ̀ wá sí ọwọ́ yín. Ọkọ̀ ìdíje, ẹ lò ó. Ọkọ̀ tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ike tuntun ni kí ẹ fi sí i, owó pọ́ọ́kú ni.

———

Ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, fún àwọn tó ní Eunos Roadster tí wọ́n kó wọlé láti Japan. V-Special ọdún 1990 jáde pẹ̀lú ọwọ́ ìdarí onígi àti orí ọ̀pá onígi, Nardi, ilé-iṣẹ́ Ítálì tó ń ṣe ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, ló ṣe méjèèjì. Bí tiyín bá ṣì ní orí onígi yẹn, ẹ má gé ọ̀pá abẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ọ̀pá mìíràn láti ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú, kí ẹ gé ìyẹn, kí ẹ sì fi aṣọ wé ti àkọ́kọ́ pamọ́. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ní gbólóhùn kan tó dá lórí ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin tó di ara kan. Ọ̀pá jíà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, ó sì dùn mí bí mo bá rí èyí tí wọ́n gé jùgbàjùgbà.

———

Oníbèérè padà wá: "Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Híhá ti lọ, ooru ti lọ. Ó ku gbígbọ̀n díẹ̀ tí mo bá tẹ iná ní jíà kẹta."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù yẹn ti kúrò lọ́rùn ọ̀pá. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró, ẹ tẹ iná lójijì kí ẹ tún fi sílẹ̀, kí ẹ máa wo ọ̀pá. Bí ó bá ń fì sọ́tùn-ún sósì gan-an, ẹ wo rọ́bà méjèèjì tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Ọ̀kan ti já.

Bí àwọn yẹn bá pé, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Jíàbọ́ọ̀sì MX-5 kò ní rọ́bà ìjókòó tirẹ̀. Irin gígùn kan tó so ó mọ́ dífù (àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn) lẹ́yìn ló gbé e dúró, PPF ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ní láti tú u. Bí wọ́n bá sì dè é padà láìfi jáàkì gbé ìrù jíàbọ́ọ̀sì sí gíga tó yẹ, jíàbọ́ọ̀sì á rọ̀ sílẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín bóyá wọ́n ti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì rí. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bóòtì PPF ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sípánà kàn, ti ẹ̀gbẹ́ jíàbọ́ọ̀sì ṣáájú, lẹ́yìn náà ti ẹ̀gbẹ́ dífù.